Ọmọ Tí Ẹ̀rù Bàbá Rẹ̀ Ń Bà

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni mo mú wá lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká. Bí ó bá dà bí ẹni pé mo ń tú àṣírí ara mi, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ẹni tí kò lè sọ ti ilé ara rẹ̀, kò yẹ kí ó máa ṣe wáàsí lórí ilé ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kété lẹ́yìn ìrun Àìlá, ọkùnrin kan wọ ilé-kéwú mi. Ó fi ọwọ́ kan di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ kejì mú kòbókò. Kòbókò náà tuntun ni, ọjà ni ó ti rà á, ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà wé ṣì ń dán. Kò tilẹ̀ jókòó kí ó tó sọ pé: "Ààfáà, ọmọ yìí ti sú mi. Ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dá padà fún mi." Àwọn ọmọ kéwú tí ó wà lórí ẹní bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n mú wá kò rẹ́rìn-ín. Yóò tó ọmọ ọdún 11.

Mo bi bàbá náà pé kí ni ọmọ ṣe. Ó ní irọ́ ni ó ń pa. Mo ní irú irọ́ wo? Ó ní kò sí ohun kan tí òun lè bi í tí yóò sọ òótọ́ rẹ̀ fún òun, bẹ́ẹ̀ òun mọ̀ pé ó máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ gbọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ọmọ tí ó ń sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀ tí kì í sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, òpùrọ́ kọ́ ni. Ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Bí ó bá jẹ́ pé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ó mú ọmọ yẹn wá, ǹ bá gba kòbókò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ǹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà. Kí n má tan yín jẹ. Àwọn tí mo kọ́ ní kéwú láti ọdún 1998 wà ní ìgboro, àwọn mìíràn nínú wọn ti di bàbá ọlọ́mọ, wọ́n lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí ó yí ọwọ́ mi padà ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Mo ní ọmọ ọkùnrin kan, òun ni ó ṣe ìkẹrin nínú àwọn ọmọ mi. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà. Bọ́ọ̀lù ni ayé rẹ̀. Èmi sì ti ṣe é ní òfin pé láti ìrun Alásárì títí di Màgàrìbì, orí ẹní kéwú ni kí ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ inú ilé mi wà, bọ́ọ̀lù di èèwọ̀. Ní ọjọ́ Àtàláátà kan, ó yọ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń gbá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó tí ìṣó wà lára rẹ̀. Ìṣó náà gba inú bàtà rọ́bà kọjá, ó wọ ẹran ẹsẹ̀. Ọmọ yìí fa ìṣó náà yọ fúnra rẹ̀, ó fi omi inú ọ̀rá fọ ojú ibẹ̀, ó sáré wá sílé, ó jókòó sórí ẹní, ó sì ń ka kéwú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń kà á. Ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ jàlàbíà, kò mira. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọkùnrin yìí ti ń ní làákàyè, ẹ ò rí bí ó ṣe jókòó jẹ́ẹ́ lónìí?

Ní ọjọ́ Àlàmísì, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni, ó sè àgbo fún un. Ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, mo jí àwọn ọmọ fún ìrun Àsùbáà, kò dìde. Mo kígbe mọ́ ọn pé ọ̀lẹ ni. Mo ti na ọwọ́ sí ibi tí mo máa ń fi pàṣán sí, kí ìyá rẹ̀ tó ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ń dán, ó sì ti dúdú lójú ibi tí ìṣó gún.

A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ó bi í ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ọmọ ní Àtàláátà. Ó ní, "Ta ni o sọ fún?" Ọmọ ní òun kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún bàbá rẹ?" Ọmọ kò dáhùn. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni ó wò. Kì í ṣe ojú mi ni ó wò o, ọwọ́ mi ni. Nọ́ọ̀sì náà sì tẹ̀lé ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi pẹ̀lú. Mo ti dúró lórí mínúbárì níwájú ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn, ojú kò tì mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a lò níbẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé bí a bá tún fi ọjọ́ díẹ̀ falẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ náà lè lọ, ẹ̀mí pàápàá lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ fún ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn ni. Ó ní ní gbogbo òru tí ẹsẹ̀ fi ń ro òun, òun ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun pé kí Ó wo òun sàn kí Bàbá tó mọ̀.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo kọ́ ọmọ yìí ní àdúà, èmi náà ni ó ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó gba òun lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbo ni mo ti kọ́ ọ? Kò jìnnà. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ará Ìsẹ́yìn ni. Ààfáà ni, ó sì ń hun aṣọ òfì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú wa. Ẹ̀gbẹ́ òfì ni àwa ọmọkùnrin máa ń jókòó sí pẹ̀lú wàláà lórí itan. Bí ó ti ń ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá ṣi ẹ̀ka kan kà, bàbá wa kò ní sọ̀rọ̀. Igi ni yóò dáhùn lórí onítọ̀hún. Òun nìkan ni ó máa ń jẹun, nínú àwo tánganran funfun kan tí ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi bí ó bá jẹ kù. N kò rántí ọjọ́ tí èmi àti rẹ̀ jókòó tí a sì sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ tàbí ìbáwí.

Mo wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ìjọba ẹgbẹ́ UPN ti sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ayé Olóyè Bọ́lá Ìgè, mo sì wọlé. Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹta. Ní 1985, bàbá mi pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n di ẹrù mi, mo ń lọ sí ọ̀dọ̀ ààfáà kan láti máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tán. N kò bi í pé kí ló dé, òun náà kò sì sọ. Mo rò ó sí ìkórìíra ìwé òyìnbó. Mo gbé e sínú fún ọdún 22, títí tí ó fi jáde láyé ní 2007. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ ni mo tó bi ìyá mi. Ìyá mi wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ìwọ ò mọ̀? Aṣọ kò tà lọ́dún yẹn. Kò rówó ìwé rẹ san, ojú sì ń tì í láti sọ fún ọ."

Gbólóhùn kan ni yóò gbà. Ọdún 22 ni mo fi bínú sí bàbá mi nínú, tí mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀ lóde, nítorí gbólóhùn kan tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n bèèrè, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí òun sọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà wá ń kọ́ fún àwọn ọmọ mi, mo sì ń pè é ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù.

Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo jókòó ti Àlùkùráánì. Mo ní kí n wò ó bí àwọn bàbá tí Ọlọ́hun sọ ìtàn wọn fún wa ṣe bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ibi mẹ́fà ni mo ti rí gbólóhùn kan náà, yá bunáyà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ náhàwù àti sáráfù mọ̀ pé kì í ṣe "ọmọ mi" lásán ni ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré ni, gẹ́gẹ́ bí Lárúbáwá ti ń ṣe bí ó bá fẹ́ kẹ́ nǹkan. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní èdè wa, bóyá "ọmọ mi àtàtà", bóyá oríkì tí ìyá fi ń pe ọmọ láàárọ̀. Lúkúmọ́ọ̀nù sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìmọ̀ Ọlọ́hun àti ìrun. Ànábì Yàkúbù sọ ọ́ fún Yúsúfù. Ànábì Ìbúráhímù sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ sọ fún un pé Ọlọ́hun ní kí òun fi í ṣe ẹbọ, ó sì tún bi í léèrè pé kí ni ìwọ rí sí i. Ó bi ọmọ léèrè! Àṣẹ Ọlọ́hun ni o, bàbá sì tún ń bèèrè èrò ọmọ.

Ẹ wo ti Yúsúfù. Ọmọdé ni, ó lá àlá kan tí kò yé e. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Bàbá rẹ̀. Yàkúbù kò lé e pé lọ síbẹ̀, pé kí ni ọmọdé mọ̀ nípa àlá. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe sọ ọ́ létí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo wá bi ara mi pé nínú àwọn ọmọ mi méje, èwo ni ó ti gbé àlá wá bá mi rí? Ìṣó gún ọmọ lẹ́sẹ̀, kò lè sọ, ká tó wá sọ àlá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ a máa tún gbogbo ọmọ ṣe. Ànábì Núhù náà pe ọmọ rẹ̀ ní yá bunáyà nígbà tí omi ti ń bò ó mọ́lẹ̀, ọmọ náà kọ̀, ó sì kú sínú omi. Ọmọ lè kọ̀. Ṣùgbọ́n Núhù kò ní tìtorí ìyẹn wí pé òun kò fi ohùn rere pè é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, nítorí èmi náà ni mo máa ń fi í dá ènìyàn lóhùn. Wọ́n á ní ṣebí hádíìsì wà pé kí á pàṣẹ ìrun fún ọmọ bí ó bá pé ọdún méje, kí á sì nà án lé e lórí bí ó bá pé mẹ́wàá. Ó wà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti ọdún méje sí mẹ́wàá, ọdún mẹ́ta ni. Ìrun márùn-ún lójoojúmọ́, ọjọ́ 354 nínú ọdún ti òṣùpá, ìgbà tí ó lé ní 5,300 ni bàbá yóò ti fi ẹnu pe ọmọ kí ọ̀rọ̀ pàṣán tó dìde rárá. Èwo nínú wa ni ó ti pe ọmọ rẹ̀ ní ìgbà 5,300 sí ohunkóhun? Nígbà tí ó bá sì tó àkókò náà pàápàá, àwọn onímọ̀ ti fi ààlà sí i pé kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ dá egbò, kò gbọdọ̀ jẹ́ nínú ìbínú. Ìyàwó Ànábì wa, Áíṣà, tí ó bá a gbé inú ilé, jẹ́rìí pé kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin rí, kò sì lu ìránṣẹ́ rí. Ó ní sáà ogun ojú ìjà ni. Ànásì sìn ín fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ní kò ṣe ṣíọ̀ sí òun rí. Ìhà hádíìsì tí pàṣán wà nínú rẹ̀ nìkan ni gbogbo wa mọ̀ sórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, sọ ọ́ nínú ìwé Muqaddimah rẹ̀ pé ìnira tí a bá fi ń kọ́ ọmọ a máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ, a sì máa kọ́ ọ ní irọ́ àti ẹ̀tàn, nítorí pé yóò máa fi ohun mìíràn hàn yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kí ọwọ́ má baà tó o. Mo ti ka ojú ewé yẹn nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo tilẹ̀ há a sórí. Àkọ́sórí kì í ṣe gbígbọ́.

Ẹ̀yin bàbá sì ń ran àwa ààfáà lọ́wọ́ láti bàjẹ́. Ní oṣù November 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ilé kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n há wọn mọ́ ní orúkọ àtúnṣe ìwà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹbí wọn ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn mú wọn lọ síbẹ̀. Ní oṣù October 2021, gbogbo ayé rí fídíò kan láti Gánmọ̀, lẹ́bàá Ìlọrin, bí wọ́n ti yí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká tí wọ́n ń fi pàṣán lù wọ́n nítorí pé wọ́n ní wọ́n mutí. Ìjọba Kwárà dá sí i. Òbí jáde wá sọ pé àwọn ni àwọn ní kí wọ́n nà wọ́n. N kò sọ pé kí ọmọ Mùsùlùmí máa mutí. Mo ń bèèrè pé níbo ni bàbá wà láti ọjọ́ tí ọmọ ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò títí di ọjọ́ tí ó ránṣẹ́ sí ààfáà?

Ti àwọn ọmọbìnrin wa ni ó tilẹ̀ ń dẹ́rù bà mí jù. Bí ọkùnrin aládùúgbò kan, tàbí olùkọ́ kan, tàbí ìbátan kan, bá na ọwọ́ ìbàjẹ́ sí ọmọbìnrin, tí ọmọ náà sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ nílé, òun ni bàbá yóò kọ́kọ́ nà, yóò dákẹ́ ni. Ẹni ibi náà mọ̀ pé yóò dákẹ́. Ìyẹn ni ó fi yàn án.

Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kan náà ni ó ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra, àwa sì gé òwe náà ní àárín. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ bá dàgbà tí ó rí iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni yóò máa fi owó ránṣẹ́ sí. Bàbá yóò wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ní ìyá wọn ti fi oògùn mú wọn. Oògùn kankan kò sí níbẹ̀ o. Obìnrin náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti kékeré ni.

Kí ni mo wá ṣe? Kò tó nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ mi jẹun. Ṣebí hádíìsì tí a fi ń kọ́ ọmọ ní bìsìmílà, Ànábì àti ọmọ ìyàwó rẹ̀, Úmárù ọmọ Abú Sálámà, ni ó jọ na ọwọ́ sí àwo kan. Ọwọ́ ọmọ ń rìn káàkiri àwo, ó sì kọ́ ọ pé kí ó pe orúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó jẹ ibi tí ó kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń jẹun, ibo ni yóò ti rí ọwọ́ ọmọ? Àwa ń jẹ àjẹìwẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti sọ ẹni tí yóò ru igbá irú àgbà bẹ́ẹ̀ délé.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n gbé àmàlà gbogbo wa sínú àwo kan. Ẹnì kankan kò na ọwọ́. Wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀. Ìkẹrin, ẹni ẹlẹ́sẹ̀ dídì, jókòó sí ibi tí ó jìnnà sí ọwọ́ ọ̀tún mi jù. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ó gbà wá sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹnu yín ń dún tí ẹ bá ń jẹun?" Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ẹnu mi ń dún lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó sọ fún mi rí.

N kò ní purọ́ fún yín pé ohun gbogbo ti gún. Ìkẹrin mi ti tó géńdé báyìí, ẹsẹ̀ ti jinná, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́yìn kéwú pẹ̀lú ìmọ̀ mi. Àmọ́ bí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ṣì máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, bí ẹni tí ń wọn omi kí ó tó kọ odò. Ìyá rẹ̀ ni ó ṣì ń kọ́kọ́ gbọ́. Èmi náà ṣì ń gbé ohùn sókè. Ní oṣù Rámádánì tí ó kọjá, ebi ń pa mí, mo tún kígbe mọ́ ọmọ kan nítorí ìkéèmù omi kan tí ó fọ́, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìṣínu. Ó yà á lẹ́nu débi pé kò mọ ohun tí yóò sọ.

Ọmọ ọdún 11 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà yẹn, ó ń wá ní Sátidé àti Àláàdì. Ó ti kọjá súrá Yáásíìnì. Ó pa irọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù àkọ́kọ́, ní oṣù kejì ó wá sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun ni òun da tàdáà sórí ẹní. Bàbá rẹ̀ kò tíì padà wá wò ó. Alájì, bí ẹ bá ń ka ìwé ìròhìn yìí, kòbókò yín ṣì wà lórí àjà mi pẹ̀lú rọ́bà ìdí rẹ̀, n kò lò ó. Ẹ wá mú un ní ọjọ́ tí ó bá wù yín, kí ẹ sì jókòó díẹ̀ gbọ́ bí ọmọ yín ṣe ń kéwú.